Àjàlá àti Àwọn Tó Fi Alùpùpù La Aṣálẹ̀ Kọjá

Bí ẹsẹ̀ ẹnì kan kò bá gbélé láàárín wa, tí ó jẹ́ pé òní Ìbàdàn, ọ̀la Èkó, ọ̀túnla Kùtọnu ni, orúkọ kan náà ni gbogbo wa ń pè é: Àjàlá. Ọmọdé tí kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà ń fi pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò sùn nílé fún ọjọ́ mẹ́ta ń fi pe ọkọ rẹ̀, kò sì fi yìn ín. Kì í ṣe Àjàlá alámọ̀, tí àwọn babaláwo sọ pé ó ń mọ orí fún ẹ̀dá lọ́run, ni a ní lọ́kàn. Àjàlá ti ayé yìí ni, Ọlábísí Àjàlá, ọmọ Yorùbá tí ó gun Vespa káàkiri ayé, tí Olóyè Ebenezer Obey sì fi orúkọ rẹ̀ sínú orin ní ọdún 1972. Láti ìgbà náà ni orúkọ náà ti di àdàpè fún alárìnkiri.

Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Orin náà kò purọ́ mọ́ ọkùnrin náà. Àwa tí a gbọ́ ọ ni a gbọ́ ààbọ̀. A gbọ́ pé ó rìn, a kò béèrè bí ó ṣe rìn, ohun tí ó dì lẹ́rù, ìwé tí ó mú lọ́wọ́ àti ẹni tí ó fún un lómi mu. Bí a bá sì yọ nǹkan wọ̀nyí kúrò nínú ìtàn ìrìn-àjò, ariwo ẹ́ńjìnnì nìkan ni yóò kù. Mo ti ka ìtàn àwọn tí wọ́n fi alùpùpù la òkè àti aṣálẹ̀ kọjá, ti òyìnbó àti ti ọmọ wa, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni pé irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọrí, tàbí kí ó ti bàjẹ́ tán, kí táyà tó kan iyanrìn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ohun tí ó jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ náà jọ báyìí ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbèrò láti gun alùpùpù láti Èkó lọ sí Algiers. Ó mú máàpù wá, ó tẹ́ ẹ síwájú mi, ó fi ìka fa ìlà kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè. “Bàbá,” ni ó wí, “ẹ wò ó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ da ọ̀dà sí tán.” Mo ní, “Omi ńkọ́?” Ó ní àwọn yóò máa rà á lọ́nà. Mo ní, “Lọ́wọ́ ta ni?”

Òótọ́ ni ó sọ nípa ọ̀dà. Ọ̀nà ńlá tí ó la Sàhárà kọjá láti Algiers dé Èkó, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 4,500 kìlómítà, ti di ọ̀nà ọlọ́dà ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo bi í kì í ṣe ìbéèrè tuntun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1352, Ibn Battuta, ọmọ ìlú Tangier, bá ẹgbẹ́ oníṣòwò ràkúnmí kúrò ní Sijilmasa ní gúúsù Mòrókò, ó ń lọ sí ilẹ̀ Mali. Ọjọ́ 25 ni wọ́n fi dé Taghaza, ìlú tí wọ́n ti ń wa iyọ̀, tí ó jẹ́ pé òkúta iyọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé ibẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Walata, aṣálẹ̀ tí ó le jù lọ ni ó kù. Kí ẹgbẹ́ oníṣòwò tó gbéra, wọn a háyà ọkùnrin kan láti inú ẹ̀yà Masufa. Takshif ni orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Òun nìkan ni yóò ṣáájú wọ inú aṣálẹ̀, yóò mú lẹ́tà àwọn oníṣòwò dé Walata, kí àwọn ará ibẹ̀ lè gbé omi wá pàdé wọn ní ìrìn ọjọ́ mẹ́rin sí ìlú. Bí takshif bá kú lọ́nà, Walata kò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà yóò sì bá a lọ. Ọgọ́rùn-ún mítíkálì wúrà ni wọ́n san fún ẹni tí wọ́n rán ní ọdún náà. Afinimọ̀nà tí ó bá wọn rìn, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, èkejì ń ṣàìsàn, síbẹ̀ Ibn Battuta jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní takshif yìí, nítorí pé gbogbo ohun tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni. Nígbà tí ọkọ̀ Citroën márùn-ún kúrò ní Touggourt ní oṣù Kejìlá ọdún 1922, tí Haardt àti Audouin-Dubreuil ṣáájú wọn, tí wọ́n sì wọ Timbuktu ní oṣù Kìíní ọdún 1923, gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀rọ. Wọ́n ti ṣètò epo àti oúnjẹ sí ojú ọ̀nà ṣáájú kí àtẹ́wọ́ náà tó dún. Lẹ́yìn wọn, ní ojú ọ̀nà Tanezrouft tí kò ní kànga, tí kò ní igi, àwọn Faransé fi àgbá epo sàmì sí ọ̀nà. Ọ̀kan nínú ibi ìpamọ́ epo náà sì di ibi tí a ń fi orúkọ pè nínú máàpù ayé: Bidon Cinq, èyí ni Àgbá Karùn-ún. Ó yà mí lẹ́nu pé àgbá epo lè di orúkọ ìlú níbi tí kò sí ilé kan.

Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó, a ṣe ìṣirò. Láti Tamanrasset ní gúúsù Algeria dé Agadez ní ilẹ̀ Niger lé ní 800 kìlómítà. Ká ní ọ̀nà bàjẹ́, tí iyanrìn sì bo ọ̀dà, tí lítà epo bẹntiróò kan kò gbé alùpùpù ju kìlómítà 15 lọ, yóò gba lítà 53 ó lé díẹ̀. Epo náà yóò wọ̀n tó kílò 40. Ẹni méjì tí yóò lo ọjọ́ márùn-ún níbẹ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mu lítà omi mẹ́fà lójúmọ́, yóò gbé lítà 60. Kílò 60 nìyẹn. Kílò ọgọ́rùn-ún ti pé, a kò sì tíì di búrẹ́dì kan, a kò mú táyà, a kò mú túùbù, a kò mú ṣéènì. Bẹ́ẹ̀ ni bí ẹrù bá ṣe ń wúwo tó ni táyà yóò máa rì sínú iyanrìn tó, bí ó bá sì ṣe ń rì tó ni yóò máa mu epo tó. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ìwé ìṣirò náà títí. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ nípa ọ̀dà.

Àwọn tí mo máa ń rántí nígbà tí mo bá ń ṣe irú ìṣirò yìí ni obìnrin méjì kan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Theresa Wallach àti Florence Blenkiron. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1934 ni wọ́n kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní Cape Town ni àwọn ń lọ. Alùpùpù kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Panther, tí wọ́n ṣe ní Cleckheaton ní àgbègbè Yorkshire. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 600cc, písítìnnì kan ṣoṣo gìrìpá ni ó sì ní nínú. Wọ́n so àga ẹlẹ́sẹ̀ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ẹnì kejì, wọ́n tún so ohun kan bí ọmọlanke mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ fún ẹrù. Ẹni tí kò bá tíì ṣe ìṣirò tí a ṣe lókè yìí lè fi ọmọlanke yẹn rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ọmọge tí ilé sú ni wọ́n. Wallach ti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, Blenkiron sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó fi alùpùpù sáré ọgọ́rùn-ún máìlì ní wákàtí kan ní pápá ìsáré Brooklands, ní ọdún 1934 kan náà. Wọ́n mọ bí a ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tí a sì ń tò ó padà, ìmọ̀ yìí ni ó sì gbà wọ́n là. Àwọn Faransé ni ó ń ṣàkóso aṣálẹ̀ nígbà náà, láìsí ìyọ̀ǹda wọn kò sí ẹni tí ó lè wọ ọ̀nà náà. Kò sì rọrùn fún ọ̀gá sójà kan láti fọwọ́ sí ìwé pé kí obìnrin méjì gun alùpùpù lọ sí ibi tí ọkùnrin ti ń kú sí. Wọ́n gba ìyọ̀ǹda náà. Wọ́n gba Algiers, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ gba ìlú àwọn oníkànga, wọ́n gun òkè Hoggar, níbi tí orí òkè tí ó ga jù ti súnmọ́ 3,000 mítà. Àwọn tí wọ́n rò pé iyanrìn pẹrẹsẹ nìkan ni Sàhárà kò gbọ́ nípa Hoggar: òkúta dúdú, tí ó rí bí ẹni pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀ ni, ọ̀sán a máa gbóná bí ààrò, òru a sì tutù tó bẹ́ẹ̀ tí a ó máa wá ohun bora.

Lẹ́yìn Hoggar ni iyanrìn dé. Ìtàn ọ̀pọ̀ ọjọ́ wọn kò ju pé wọ́n rì, wọ́n wa ilẹ̀, wọ́n tì í, wọ́n gùn ún, wọ́n tún rì. Kí wọ́n tó dé Agadez, ẹ́ńjìnnì kú pátápátá. Inú rẹ̀ ni ó fọ́, kì í ṣe ohun tí a lè fi okùn dì. Wọ́n fà wọ́n wọ Agadez. Ìlú yìí, tí mọ́sálááṣí alámọ̀ rẹ̀ ti ń fi ọ̀nà han àwọn oníràkúnmí láti nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, ni obìnrin méjì náà ti dúró de ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tuntun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó dé, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tò ó. Kò sí mẹkáníìkì tí wọn ìbá pè.

Ibi tí ìtàn náà ti kàn wá ni Kano. Ojú irin ti so Kano mọ́ Èkó láti ọdún 1912. Bí wọ́n bá fẹ́, wọn ìbá gbé alùpùpù wọn sínú ọkọ̀ ojú irin, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Ìddó, kí ọkọ̀ òkun sì gbé wọn dé Cape Town pẹ̀lú tíì lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní bú wọn. Ìlà-oòrùn ni wọ́n doríkọ. Wọ́n la ilẹ̀ Faransé ti àárín Áfíríkà, wọ́n la Kóńgò, wọ́n gba ìlà-oòrùn Áfíríkà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì wọ Cape Town ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1935. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń kọ ìtàn wọn máa ń sọ ti ìgboyà. Èmi kò jiyàn ìgboyà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ka ìtàn náà, àwọn tí wọ́n fà wọ́n wọ Agadez ni mo máa ń wá, n kì í sì í rí orúkọ wọn. Takshif ti ọdún 1352 pẹ̀lú kò ní orúkọ. Ìwé ìtàn ìrìn-àjò kún fún orúkọ ẹni tí òùngbẹ gbẹ, kò ní orúkọ ẹni tí ó bu omi.

Ti Robert Edison Fulton yàtọ̀, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa yíya àwòrán ilé ní Vienna, ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1932, wọ́n pè é síbi oúnjẹ alẹ́ kan. Ẹnì kan bi í bóyá ó ń padà sílé láìpẹ́. Ẹnu rẹ̀ já, ó ní òun yóò gun alùpùpù yí ayé ká ni. Kò mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó jókòó sídìí tábìlì náà ni olówó ilé-iṣẹ́ alùpùpù Douglas. Ọkùnrin náà sọ lójú ẹsẹ̀ pé òun yóò fún un ní ọ̀kan. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Fulton kò rí i kó mọ́. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni ó fi rìn, ó la aṣálẹ̀ tí ó wà láàárín Damásíkù àti Baghdad, ó dé Íńdíà, ó dé Ṣáínà àti Japan. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1937. Ohun tí kì í hàn nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni pé láti ọdún 1923 ni àwọn ará Nairn, ọmọ New Zealand, ti ń fi ọkọ̀ kó lẹ́tà àti èrò gba aṣálẹ̀ Damásíkù sí Baghdad. Ẹsẹ̀ táyà ti wà nílẹ̀ kí Fulton tó dé ibẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹnu múra níbi oúnjẹ, àwọn mìíràn ti fi ọwọ́ múra ọ̀nà dè é.

Òkè ní ìṣòro tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í kà á sí títí yóò fi mú wọn. Láti Manali dé Leh ní àríwá Íńdíà, àwọn ọ̀nà orí òkè wà tí gíga wọn ju 5,000 mítà lọ. Ní irú ibẹ̀, afẹ́fẹ́ dín kù sí nǹkan bí ìdajì èyí tí à ń mí ní etí òkun Èkó. Ẹ́ńjìnnì tí ó ní kàbúrétọ̀ a máa mu epo ju afẹ́fẹ́ tí ó rí lọ, a máa yọ èéfín dúdú, a máa kọ́ bí àgbà. Àwọn tí ó mọ̀ a máa yí ihò tí epo ń gbà padà sí kékeré kí wọ́n tó gòkè. Alùpùpù òde òní ní kọ̀ǹpútà tí ń ṣe èyí fúnra rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ó gùn ún kò ní kọ̀ǹpútà. Leh fúnra rẹ̀ ga tó 3,500 mítà, ẹni tí ó bá sì fi ọkọ̀ òfuurufú dé ibẹ̀ láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ sinmi fún ọjọ́ bí i méjì kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó mọ ibi tí ó wà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le ni ó máa ń kọ̀ láti sinmi, àwọn náà ni orí fífọ́ àti èébì sì máa ń dá padà sísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti gbà gbọ́ pé iyanrìn àti òkè kì í ṣe ìṣòro tí ó le jù. Ìwé ni. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹwàá ọdún 1973 ni Ted Simon gun Triumph rẹ̀ kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fẹ́ gba etí òkun àríwá Áfíríkà dé Ìjíbítì. Ọjọ́ náà gan-an ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti Ìjíbítì pẹ̀lú Síríà. Ètò ọ̀pọ̀ oṣù wó ní ọjọ́ kan. Ó tẹ̀ síwájú, ó la Libya, ó la Ìjíbítì, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lórí adágún Nasser dé Wadi Halfa, lẹ́yìn náà ó la aṣálẹ̀ Sudan láti Atbara dé Kassala. Ó lé ní ẹgbàá mọ́kànlélọ́gbọ̀n máìlì tí ó fi ọdún mẹ́rin rìn, orílẹ̀-èdè 45 sì ni ó dé. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1979, kò sì sí ọ̀dọ́ òyìnbó tí ń gun alùpùpù rìn jìnnà tí kò mọ̀ ọ́n. Ní Brazil wọ́n tì í mọ́lé lórí ìfura pé amí ni. Àmọ́ ìwé ìròyìn Sunday Times wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì sì wà lápò rẹ̀.

Ibi yìí ni kí a ti padà sọ́dọ̀ Àjàlá. Accra ni wọ́n bí i sí, òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ó kàwé ní Èkó àti Ìbàdàn, ó sì lọ sí Amẹ́ríkà láti tún kàwé sí i. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1952, ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Chicago lọ sí Los Angeles, ìrìn tí ó lé ní ẹgbàá máìlì, tí ó la pẹ̀tẹ́lẹ̀, òkè àti aṣálẹ̀ kọjá. Agbádá àti fìlà ni ó wọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àṣehàn ni. Ó fẹ́ kí àwọn ará Amẹ́ríkà rí i pé ọmọ Áfíríkà kì í rìn ní ìhòòhò, àti pé ó ní àṣà tirẹ̀. Ní ìlú tí wọn kì í ti í gba aláwọ̀ dúdú sí hòtẹ́ẹ̀lì, agbádá náà ń ṣe iṣẹ́ mìíràn: ó ń sọ fún ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn pé àlejò láti òkèèrè ni èyí, ó sì ń mú akọ̀ròyìn wá. Lójú tèmi, aṣọ náà jẹ́ ìmúra bí omi ti jẹ́ ìmúra fún ẹni tí ń lọ sí aṣálẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìjọba Amẹ́ríkà ti bá a fa wàhálà lórí ìwé ìgbélùú, tí ó sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn Vespa rẹ̀ ní ọdún 1957. Ẹ rántí irú ẹ̀rọ tí Vespa ìgbà náà jẹ́. Táyà rẹ̀ kéré bí àwo tí a fi ń bu àmàlà fún géńdé. Kòtò tí alùpùpù Panther yóò fò, Vespa yóò wọ inú rẹ̀ ni. Epo bẹntiróò lásán kò tó o. A gbọ́dọ̀ po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn ní ìwọ̀n tí ó yẹ, bí òróró bá sì pọ̀ jù, pọ́lọ́ọ̀gì yóò di, bí ó bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì yóò gan. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó fúyẹ́, ènìyàn méjì lè gbé e kúrò nínú iyanrìn, a sì lè so táyà kan mọ́ ọn tí yóò bá èyíkéyìí nínú méjèèjì mu. Ẹni tí kò ní owó ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn kò lè yan dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé ńkọ́? Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ Nàìjíríà ti ń gba ìwé ìrìnnà. Nígbà tí ìwé rẹ̀, *An African Abroad*, fi jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1963, Nàìjíríà ti di orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ayé ìgbà náà pín sí méjì láàárín Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà, ó tún pín sí méjì láàárín Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì. Jerúsálẹ́mù fúnra rẹ̀ pín láti ọdún 1948 títí di 1967, ẹnubodè Mandelbaum ni àlejò ń gbà láti apá Jọ́dánì bọ́ sí apá Ísírẹ́lì. Bí òǹtẹ̀ Ísírẹ́lì bá wà nínú ìwé ìrìnnà ènìyàn, púpọ̀ nínú àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Síbẹ̀ ọkùnrin yìí rí Nasser, ó rí Golda Meir. Ó rí Ṣáà ilẹ̀ Ìránì, ó rí Nehru, ó rí Khrushchev. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ mú máàpù, kí ẹ gbìyànjú láti to àwọn ìlú wọ̀nyí tẹ̀ lé ara wọn tí ilẹ̀kùn kan kò fi ní ti nítorí òmíràn. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ ń gbé kiri.

Èrò tèmi ni pé rírí àwọn ọba àti olórí ìjọba wọ̀nyí kì í ṣe fáàrí nìkan. Fulton ní ilé-iṣẹ́ Douglas, Wallach àti Blenkiron ní ilé-iṣẹ́ Panther, Simon ní ìwé ìròyìn. Àjàlá ní orúkọ akọ̀ròyìn tí ó fún ara rẹ̀, ó ní agbádá, ó sì ní ẹnu. Ẹni tí ó ti bá Nehru ya fọ́tò ní ohun tí yóò fi han aṣọ́bodè tí ó bá fẹ́ dá a padà. Fọ́tò náà ni ìwé àṣẹ ìwọlé rẹ̀ sí orílẹ̀-èdè tí ó kàn. Bí a bá tún ń bú ọkọ wa pé Àjàlá ni, kí a mọ ohun tí à ń sọ.

Àwọn ọmọ wa kò sì tíì dákẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù láti kó owó jọ fún ìgbógunti àrùn rọpárọsẹ̀ tí ẹgbẹ́ Rotary ń ṣe. Ó gba ilẹ̀ Faransé àti Spain, ó la Mòrókò àti aṣálẹ̀ Mauritania, ó sì wọ Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún. Ọ̀nà etí òkun ìwọ̀-oòrùn ni ó gbà, ọgbọ́n sì ni, nítorí ọ̀nà àárín tí Wallach àti Blenkiron gbà ti yí padà. Ìjọba ológun gba Niger ní oṣù Keje ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso kúrò nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ tí ó ti fọwọ́ sí ìwé láti ọdún 1979 pé kí ọmọ ilẹ̀ kan máa wọ ilẹ̀ kejì láìgba físà. Ní àríwá Agadez, inú ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí àwọn ológun ń ṣọ́ ni àlejò ń rìn. Ọ̀dà ti dé ibi tí kò sí ní ọdún 1935, ènìyàn ni kò tún lè dá rìn níbẹ̀ mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ká máàpù rẹ̀, ó ti fa ìlà mìíràn, èyí tí ó gba Kùtọnu, Lomé àti Accra, tí ó yí lọ sí Dakar àti Nouakchott, kí ó tó yà sí òkè Atlas. Kò ní dé Algiers mọ́. Ibodè tí ó wà láàárín Mòrókò àti Algeria ti wà ní títì láti ọdún 1994. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí òun ti lè rí ìwé Àjàlá kà. Mo fún un ní tèmi, mo sì sọ fún un pé kí ó dá a padà.

Àjàlá kú ní Èkó ní oṣù Kejì ọdún 1999. Theresa Wallach, tí ó ti kó lọ sí Amẹ́ríkà, tí ó sì ń kọ́ àwọn ènìyàn ní alùpùpù gígùn, kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún kan náà, ọjọ́ tí ó pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ìwé tí ó kọ nípa ìrìn-àjò Panther náà kò jáde títí di ọdún 2001.